Mo yọ kọ́kọ́rọ́ tán, ẹ́ńjìnì MGB mi kò kú: kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

ÌBÉÈRÈ

Mo ní ọkọ̀ MGB oníjókòó méjì kan, ti ọdún 1973, tí mo rà ní gúúsù London lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan tí kò lè wakọ̀ mọ́. Kàbúrétọ̀ (ohun tó ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́) SU HIF4 méjì ló wà lórí rẹ̀, kọ́ńtáàtì ló sì ṣì wà nínú dísíríbútọ̀ rẹ̀, ohun tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì. Tí mo bá tan án ní àárọ̀ tí mo sì pa á lójú ẹsẹ̀, wẹ́rẹ́ ló ń kú. Àmọ́ tí mo bá ti wà á títí tí ó fi gbóná dáadáa, tí mo wá yọ kọ́kọ́rọ́, kò ní kú. Á máa gbọ̀n jìgìjìgì, á máa kàn kọ́-kọ́-kọ́, òórùn epo bẹntiróòlù á gba iwájú ilé kan, lẹ́yìn náà ni yóò ta sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí yóò sì dákẹ́. Ìyàwó mi ti ní òun kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní epo òde òní ló fà á. Ẹlòmíràn ní kí n tú tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnì, kí n ha kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ dànù. Ẹnì kẹta ní kí n ra irú fáàfù tí wọ́n ń fi sára MGB tí wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà, èyí tó ń fi tipátipá pa ẹ́ńjìnì. Mẹkáníìkì àdúgbò wa ti gbé sìló rẹ̀ (eré ẹ́ńjìnì nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí tọ́rọ́tù) sókè sí ìyípo 1100 ní ìṣẹ́jú kan, nítorí ó ní ó fẹ́ máa kú tí a bá dúró níbi iná ojú pópó. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Owó tí mo lè fi dán gbogbo rẹ̀ wò kò sí.

* * *

ÈSÌ

Ẹ má tú tọ́ọ̀pù o. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ibi tó wúlò jù lọ ni ibi tí ẹ ti sọ pé ẹnì kan gbé sìló sókè sí 1100. Èmi gbà pé ibẹ̀ ni wàhálà yín fìdí sí, mo sì máa padà síbẹ̀, àmọ́ ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ mú kúrò lọ́nà ná.

Àìsàn méjì ló jọra níbí. Nínú èkíní, iná kò kúrò lára kọ́ìlì, ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, nígbà tí a yọ kọ́kọ́rọ́, púlọ́ọ̀gì sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Nínú èkejì, iná ti lọ, àmọ́ ohun kan nínú sílíńdà gbóná débi pé òun fúnra rẹ̀ ń dáná sí epo àti afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ṣì ń fà wọlé. Oògùn tí a fi ń wo ọ̀kan kò ran èkejì rárá. Ẹ́ńjìnì tí iná kò kúrò lára rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ lọ ní pẹ̀lẹ́tù, ohùn rẹ̀ kò yí padà. Èyí tí ooru ń gbé ni eré rẹ̀ máa ń wálẹ̀, tí yóò tún ta sókè, tí yóò máa kàn, tí yóò sì mi gbogbo ara ọkọ̀. Àpèjúwe yín jọ èkejì, ṣùgbọ́n etí nìkan kò tó láti fi ṣèdájọ́.

Ẹ wá gílóòbù kékeré tó ń lo iná bátìrì ọkọ̀, tó ní wáyà méjì. Ẹ fi ọ̀kan kan irin ara ọkọ̀ dáadáa, kí ẹ so èkejì mọ́ ibi tí wáyà funfun ti wọ kọ́ìlì. Nínú ètò wáyà ilé iṣẹ́ Lucas tí wọ́n lò fún ọkọ̀ yìí, funfun ni wáyà tí kọ́kọ́rọ́ ń darí, búráùn sì ni èyí tí iná bátìrì kì í kúrò nínú rẹ̀. Ẹ wa ọkọ̀ náà títí yóò fi gbóná, kí ẹ wá pa á níbi tí ẹ ti lè rí gílóòbù yẹn. Tí gílóòbù bá kú lójú ẹsẹ̀ tí ẹ́ńjìnì ṣì ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ iná ti kúrò nílẹ̀ nìyẹn. Tí gílóòbù bá ṣì ń tàn, kódà kó jẹ́ ráńpẹ́, rẹwáyà ni ẹ nílò, kì í ṣe mẹkáníìkì. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ fa wáyà ńlá tó ti kọ́ìlì lọ sí dísíríbútọ̀ yọ nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe, nítorí iná ibẹ̀ lágbára gan-an, ó sì lè ba kọ́ìlì pàápàá jẹ́.

* * *

Ẹnì kan bi mí léèrè báwo ni iná ṣe lè wà lára kọ́ìlì nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ti wà lápò. Ọ̀nà tí mo mọ̀ kò ju mélòó kan lọ. Ara ibi tí a ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ lè ti jẹ, kí irin inú rẹ̀ má tú ara wọn sílẹ̀ mọ́. Lára àwọn ọkọ̀ tí ó ní relay (súwíìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń tàn tí ó sì ń pa) fún iná ẹ́ńjìnì, relay náà lè lẹ̀ pọ̀, tàbí kí iná díẹ̀ tó ń gba gílóòbù pupa ti alternator (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná) kọjá máa dì í mú, nítorí iná tí ó lè di relay mú kò pọ̀ rárá. Díódù kan ṣoṣo lórí wáyà gílóòbù náà ló ń dá ìyẹn dúró.

Èyí tí ó máa ń ru àwọn ènìyàn lójú ni ti fáànù. Ọkọ̀ kan wá sọ́dọ̀ mi tí ẹni tó ni ín ti fi fáànù oníná sí iwájú rẹ́díétọ̀, tí rẹwáyà sì so fáànù náà tààrà mọ́ wáyà funfun. Nígbà tí wọ́n bá yọ kọ́kọ́rọ́, fáànù tó ṣì ń yí á di ẹ̀rọ amúnáwá, á máa dá iná padà sí kọ́ìlì, ẹ́ńjìnì kò sì ní kú títí fáànù yóò fi dúró. Gbogbo ènìyàn ló ti bá a ha kábọ́ọ̀nù, wọ́n ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, wọ́n ti yí epo padà. A gbé wáyà fáànù sórí relay tirẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí.

* * *

Olùbéèrè ti padà wá: gílóòbù rẹ̀ kú ní kété tí ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì sì ń gbọ̀n lọ. Ooru ni, kì í ṣe iná. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ́ńjìnì tó lè ṣiṣẹ́ láìsí iná púlọ́ọ̀gì, ó nílò ohun tó gbóná tó láti dáná, ó nílò epo, ó sì nílò afẹ́fẹ́. Ohun tó gbóná ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lé kiri, wọ́n sì ń gbàgbé afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ ló rọrùn jù láti ṣàkóso. Nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù, àwo pẹlẹbẹ kan nínú kàbúrétọ̀ á padé, àlàfo tín-ínrín ni yóò sì ṣẹ́kù fún afẹ́fẹ́ láti gbà kọjá. Bí àlàfo yẹn bá ṣe fẹ̀ tó ni sìló yóò ṣe ga tó. Tí ó bá wà ní ibi tó yẹ, tí ó jẹ́ nǹkan bí 750 sí 850 lára ọ̀pọ̀ MGB ti àwọn ọdún 1970, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé kò lè gbé ẹ́ńjìnì yípo mọ́ nígbà tí iná bá ti lọ, kódà kí kábọ́ọ̀nù díẹ̀ ṣì máa pọ́n nínú sílíńdà. Ní 1100, afẹ́fẹ́ ń wọlé ju bó ṣe yẹ lọ, epo sì ń tẹ̀lé e.

Kàbúrétọ̀ SU tún ní ìwà kan tó yẹ kí ẹ mọ̀. Àwọn kàbúrétọ̀ mìíràn bíi Solex àti Weber ní ihò kékeré kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún epo sìló. SU kò ní irú rẹ̀: jẹ́ẹ̀tì kan àti abẹ́rẹ́ kan ló ń fún ẹ́ńjìnì ní epo láti sìló títí dé eré tó ga jù. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ṣì ń yípo tí ó sì ń fa afẹ́fẹ́, epo á máa tẹ̀lé afẹ́fẹ́ náà wọlé, yálà kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Pọ́ǹpù epo oníná tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ti kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n epo tí ó ti wà nínú ife kàbúrétọ̀ méjèèjì tó ẹ́ńjìnì náà lò fún ìgbà pípẹ́ ju èyí tí ẹ fẹ́ dúró wò lọ.

Nítorí náà, ìbéèrè tó kàn ni pé, kí ló dé tí mẹkáníìkì fi ní láti gbé sìló sókè? Ẹ́ńjìnì tó fẹ́ kú ní 800 ní àrùn lára. Mẹkáníìkì yín bo àrùn náà mọ́lẹ̀, ohun tí ẹ wá ń rí lẹ́yìn tí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ ni owó tí ẹ san fún bíbò yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò wọlé. Lára ọkọ̀ ti ọdún yín, èémí inú ẹ́ńjìnì ń gba ọ̀pá róbà kan tó ní ẹ̀ka méjì lọ sínú kàbúrétọ̀ méjèèjì. Róbà yìí máa ń le, á sì máa là ní abẹ́, níbi tí ojú kò ti tètè rí i, ẹ fi ìka yín tẹ̀ ẹ́ yíká. Ẹ wo gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín kàbúrétọ̀ àti mánífóòdì, ọ̀pá tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì. Ẹ di ọ̀pá tín-ínrín tí àwo tọ́rọ́tù ń yí lórí rẹ̀ mú, kí ẹ gbìyànjú láti mì í sókè sódò. Tí ó bá ń mì, ihò rẹ̀ ti jẹ, afẹ́fẹ́ sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Afẹ́fẹ́ tó bá jò wọlé lẹ́yìn kàbúrétọ̀ kò bá epo kankan wá, epo inú sílíńdà á wá kéré sí afẹ́fẹ́, iṣẹ́ ẹ́ńjìnì á di gbọ̀ngbọ̀n ní sìló, inú sílíńdà á sì tún gbóná sí i.

* * *

Ẹnì kan bínú sí mi pé mo ń fojú kéré táímíǹgì, ìyẹn àsìkò tí iná púlọ́ọ̀gì ń jáde. N kò fojú kéré rẹ̀. Mo fẹ́ kí a dé ibẹ̀ lẹ́yìn sìló ni, nítorí táímíǹgì tí ẹ bá tò nígbà tí sìló ga kì í jẹ́ òótọ́, ọ̀rọ̀ yìí sì tọ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa.

Nínú dísíríbútọ̀ ni irin wíwúwo méjì wà pẹ̀lú sípíríǹgì. Bí eré ẹ́ńjìnì ṣe ń ga ni àwọn irin yìí ń ṣí síta, tí wọ́n sì ń mú kí iná tètè jáde. Tí sípíríǹgì bá ti rọ̀ nítorí ọjọ́ orí, wọ́n lè ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣí ní 1100. Mẹkáníìkì á tan iná táímíǹgì sí àmì tó wà lára púlì, á rí i pé iná ń yá jù, á wá yí dísíríbútọ̀ padà sẹ́yìn kí ó lè bá nọ́ńbà inú ìwé mu. Nígbà tí sìló bá wá sílẹ̀, iná á pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Iná tó pẹ́ kò fún písítìnì ní agbára tó, ooru rẹ̀ á sì máa lọ sára fáàfù tí ń lé èéfín jáde àti sára ògiri sílíńdà. Ẹ́ńjìnì náà á fẹ́ kú, wọ́n á sì tún gbé sìló sókè. Bí wọ́n ṣe ń yí po nìyẹn tí ọkọ̀ á fi di aláìgbọràn.

Nítorí náà, ẹ mú afẹ́fẹ́ tó ń jò kúrò, ẹ yọ róbà tó ń gbé ìfà (agbára tí ẹ́ńjìnì fi ń fa afẹ́fẹ́) lọ sí dísíríbútọ̀ kí ẹ sì dí ojú rẹ̀, ẹ gbé sìló wálẹ̀ débi tí ẹ́ńjìnì lè gbà á, kí ẹ tó tan iná táímíǹgì sí i. Ẹ tò ó sí ohun tí ìwé ọkọ̀ sọ fún nọ́ńbà ẹ́ńjìnì yín gan-an, nítorí ẹ́ńjìnì MGB yí padà léraléra láàárín 1962 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní Abingdon, ní England, àti 1980 tí wọ́n dáwọ́ dúró. Nọ́ńbà tí ọ̀rẹ́ yín ń lò fún tirẹ̀ lè máà jẹ́ tiyín.

* * *

Lórí ọ̀rọ̀ epo, àwọn tó ń pariwo rẹ̀ kò purọ́, àmọ́ wọ́n ń gbé e síwájú ju ibi tó yẹ lọ.

Ohun tó jẹ́ òótọ́ ni pé wọ́n dá títa epo olójé dúró fún gbogbo ènìyàn ní Bírítéènì nígbà tí ọdún 2000 wọlé. Epo onírawọ̀ mẹ́rin tí àwọn ọkọ̀ yìí ń lò ní ọ́kítéènì (òǹkà bí epo ṣe ń kọ̀ láti gbiná ṣáájú àkókò) 97. Epo tó wọ́pọ̀ jù lónìí jẹ́ 95, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni ó sì ti di E10, tó túmọ̀ sí pé ẹtánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹtánọ́ọ̀lù ní ọ́síjìn nínú tirẹ̀, nítorí náà kàbúrétọ̀ tí wọ́n tò fún epo àtijọ́ á máa fún ẹ́ńjìnì ní epo tó kéré díẹ̀ sí afẹ́fẹ́. Ìfúnpọ̀ ẹ́ńjìnì MGB ti Bírítéènì ní àsìkò yẹn sì wà ní nǹkan bí 9 sí 1, èyí tí kò fẹ́ràn epo tí ọ́kítéènì rẹ̀ kéré.

Nítorí náà, ẹ ra èyí tó ga, tí ọ́kítéènì rẹ̀ jẹ́ 97 sókè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì jẹ́ E5, ó sì dára fún róbà inú ọkọ̀ pẹ̀lú. Tí ẹ́ńjìnì bá ṣíwọ́ àìgbọràn lẹ́yìn tí ẹ yí epo padà, inú mi á dùn fún yín, àmọ́ n kò ní gbà pé ó ti sàn. Mo ti rí MGB tó ń lo 95 lójoojúmọ́ tí ó ń kú wẹ́rẹ́, nítorí sìló àti táímíǹgì rẹ̀ tọ́. Mo sì ti rí èyí tí ẹni tó ni ín ń ra epo tó wọ́n jù lọ ní ilé epo, tí kò sì fẹ́ kú.

* * *

Púlọ́ọ̀gì, ní kúkúrú. NGK BP6ES tàbí Champion N9YC ló bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnì yìí mu. Ohun tó ń tan àwọn ènìyàn jẹ ni pé nọ́ńbà NGK bá ga sí i, púlọ́ọ̀gì á tutù sí i. Ti Champion bá ga sí i, á gbóná sí i. Ẹni tó bá fẹ́ púlọ́ọ̀gì tó tutù díẹ̀ á lọ ra BP5ES pẹ̀lú èrò pé nọ́ńbà ti wálẹ̀, òun gan-an á sì di ẹni tó gbé ẹ̀rọ ìdáná sínú sílíńdà. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára èyí tó wà nínú ọkọ̀ yín kí ẹ tó ra òmíràn.

* * *

Arákùnrin kan kọ̀wé láti Abẹ́òkúta pé Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen Beetle, tí bàbá òun fi sílẹ̀ ń ṣe irú nǹkan yìí gan-an, ó sì bi mí léèrè bóyá ọ̀rọ̀ SU kan òun. Kò kàn yín, ẹ̀gbọ́n mi, tiyín tilẹ̀ rọrùn ju ti MGB lọ. Púpọ̀ nínú àwọn Beetle ti àwọn ọdún 1970, tó fi mọ́ àwọn tí wọ́n tò pọ̀ ní ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Èkó láti 1975, ní kàbúrétọ̀ Solex. Lára Solex 34 PICT-3, ẹ ó rí ohun rógódó kékeré kan tí wáyà kan ṣoṣo wọ̀. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní títàn, ó ń fa abẹ́rẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn kí epo sìló lè kọjá. Nígbà tí ẹ bá yọ kọ́kọ́rọ́, abẹ́rẹ́ á padà dí ihò náà. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnì, ẹ yọ wáyà rẹ̀, ẹ tún fi kàn án. Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ìró kékeré, "tàk". Tí kò bá dún, kò ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Àwọn kan ní Nàìjíríà máa ń gé ṣóńṣó abẹ́rẹ́ yìí kúrò nígbà tí nǹkan náà bá bàjẹ́, kí sìló má baà kú. Ọkọ̀ á máa rìn, àmọ́ kò sí ohun tí yóò dí epo mọ́. Ẹ tú u síta kí ẹ wo ojú rẹ̀. Kí ẹ sì yẹ bẹ́líìtì fáànù wò pẹ̀lú, nítorí atẹ́gùn ni ẹ́ńjìnì Beetle fi ń tutù, kì í ṣe omi.

Ìyàtọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ SU. Níwọ̀n ìgbà tí kò ti ní ihò sìló tirẹ̀, kò sí ibi tí a lè fi irú nǹkan rógódó yẹn sí lára MGB.

* * *

Ó wá ku kábọ́ọ̀nù, tí olùbéèrè tún ń bi mí nípa rẹ̀.

Harry Weslake, onímọ̀ ẹ́ńjìnì kan ní Bírítéènì, ló ṣe àpẹrẹ ihò ìdáná inú orí ẹ́ńjìnì yìí. Tí ẹ bá dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ ó rí i pé irin kan yọrí síta láàárín fáàfù méjèèjì, tí ó mú kí ihò náà rí bí ọkàn. Ṣóńṣó irin náà ni ooru ń kó jọ sí. Tí kábọ́ọ̀nù bá lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, tàbí tí ẹnì kan bá ti fá ojú tọ́ọ̀pù láìfi fáìlì pa ẹnu tó mú tí fífá náà fi sílẹ̀, ibẹ̀ á máa pọ́n bí ẹyin iná. Fífá tún ń gbé ìfúnpọ̀ sókè. Nítorí náà kábọ́ọ̀nù lè jẹ̀bi, n kò sẹ́ ẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé kó jẹ́ òun ló kẹ́yìn, nítorí òun ló gba iṣẹ́ jù, ẹ́ńjìnì tó sì ń jẹ ọ́ìlì á tún kó òmíràn jọ láìpẹ́ tí ẹ kò bá wo ohun tó ń mú un jẹ ọ́ìlì.

Àwọn kan ní kí ẹ máa da omi díẹ̀díẹ̀ sẹ́nu kàbúrétọ̀ kí ẹ́ńjìnì fi fọ kábọ́ọ̀nù. Mo mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, mo sì lòdì sí i fún ẹni tí kò tíì rí i kí ẹlòmíràn ṣe é. Omi kì í fún pọ̀. Tí ó bá pọ̀ jù nínú sílíńdà kan, písítìnì á gbá a, ọ̀pá tó gbé písítìnì á sì tẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dán nǹkan wò kí ó tó tú tọ́ọ̀pù, kí ó tún gbogbo èyí tó kù ṣe ná, kí ó wá gbé ọkọ̀ náà sórí ọ̀nà márosẹ̀ kí ó sá eré gidi fún bí wákàtí kan. Ọkọ̀ tí ó jẹ́ pé àárín ìlú nìkan ló ń rìn máa ń kó kábọ́ọ̀nù jọ, eré gígùn sì máa ń jó púpọ̀ nínú rẹ̀ dànù.

Kí n sọ ìdí tí mo fi le lórí ọ̀rọ̀ títú tọ́ọ̀pù. Ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ti tú tọ́ọ̀pù rẹ̀, tí wọ́n ha gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní, tí wọ́n ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, síbẹ̀ tí kò fẹ́ kú. Sìló rẹ̀ kì í wálẹ̀ ju 1200 lọ, kódà nígbà tí a tú síkúrúù sìló méjèèjì sílẹ̀ pátápátá. A yọ ilé fíltà, a tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu kàbúrétọ̀. Lára àwo tọ́rọ́tù HIF4 àti ti àwọn kàbúrétọ̀ SU HS4 kan, fáàfù kékeré kan wà tí sípíríǹgì dì mú. Wọ́n ṣe é kí ó lè ṣí nígbà tí awakọ̀ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù lórí eré, kí èéfín má baà burú. Sípíríǹgì ọ̀kan ti rọ̀, fáàfù náà sì ń ṣí ní sìló. Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì hàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A fi àwo tí kò ní fáàfù rọ́pò méjèèjì, sìló wálẹ̀ sí 800, ọkọ̀ sì kú nígbà tí a ní kí ó kú. Ojú mi wà lára ìnáwó tí ẹni yẹn ti ṣe kí a tó tan tọ́ọ̀ṣì yẹn.

* * *

"Kí ni kí n máa ṣe ní báyìí kí n tó tún un ṣe?"

Ẹ fi sí jíà kẹrin, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gírígírí, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, kí ẹ wá jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀. Á kú lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan gbà pé ó sàn kí a tẹ tọ́rọ́tù mọ́lẹ̀ dé ìsàlẹ̀ lẹ́yìn tí a pa kọ́kọ́rọ́, kí afẹ́fẹ́ tútù lè ya wọlé. Ó ń ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ mìíràn, àmọ́ lára SU, epo ń tẹ̀lé afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnì sì lè fò sókè kí ó tó kú. Jíà ni èmi fara mọ́.

Ẹ má ṣe jókòó kí ẹ máa wò ó títí yóò fi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Títa sẹ́yìn tí ẹ sọ nínú ìbéèrè yín ni ó ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí ẹ́ńjìnì lè yí padà sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí ó bá ń ṣe báyìí, pọ́ǹpù ọ́ìlì náà á sì yí sẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀, tí ọ́ìlì kò ní dé ibi tó yẹ. Ìgbà yẹn náà ni ó ń tu epo jáde láti ẹnu kàbúrétọ̀, èyí tí ẹ ń gbọ́ òórùn rẹ̀ níwájú ilé. Ẹ máa ní ohun ìpaná nínú ọkọ̀.

* * *

Olùbéèrè ti mú ìròyìn wá. Ó ní ọ̀pá róbà ẹlẹ́ka méjì náà là ní abẹ́ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fura, ó ti pààrọ̀ rẹ̀; táímíǹgì pẹ́ lóòótọ́ nígbà tí sìló wálẹ̀, ó ti tò ó; sìló wà ní 800 báyìí, ọkọ̀ kò sì fẹ́ kú mọ́ níbi iná ojú pópó. Tí ó bá pa kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì ń kú, àyàfi ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú tí ó sì ti há sínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ, nígbà náà ni yóò ṣì kàn lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ń béèrè bóyá kí òun wá ra fáàfù Amẹ́ríkà yẹn kí òun fi parí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìmúnitútù. Ẹ yẹ tẹ́mósítáàtì wò: ti 82 dígírì ló wọ́pọ̀ fún ọkọ̀ yìí, ti 88 sì jẹ́ fún ibi tó tutù, mo sì ti bá ti 88 nínú ọkọ̀ tí ó ń rìn nínú ooru. Ẹ wo rẹ́díétọ̀ bóyá ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù nígbà tí òkè rẹ̀ gbóná, nítorí ìyẹn fi hàn pé ó ti dí. Ẹ ra epo 97 sókè tí ẹ kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ yẹ àlàfo fáàfù wò pẹ̀lú, nítorí fáàfù tó bá há kì í padé dáadáa, etí rẹ̀ á sì máa gbóná.

Ní ti fáàfù Amẹ́ríkà náà, ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bú u. Nígbà tí a bá yọ kọ́kọ́rọ́, iná á lọ sára rẹ̀, á ṣí, á sì gbé ìfà inú mánífóòdì lọ sínú ife epo kàbúrétọ̀. Nígbà tí ìfà bá wà lórí epo nínú ife, epo kò lè gòkè gba jẹ́ẹ̀tì mọ́, ẹ́ńjìnì á sì kú. Súwíìṣì ìfúnpá ọ́ìlì ló ń jẹ́ kí iná náà wà lára fáàfù títí ẹ́ńjìnì yóò fi dúró tí ìfúnpá ọ́ìlì yóò sì lọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò gé e, kí bátìrì má baà tán. Àmọ́ kí ó tó lè ṣiṣẹ́, ojú èémí ife epo gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀pá tí a ti pa pọ̀ láti orí kàbúrétọ̀ dé inú àgbá èédú, èyí tó ń gba oru epo. Ti Amẹ́ríkà ní gbogbo rẹ̀. Ojú èémí ife epo tiyín ṣí sí afẹ́fẹ́ ìta. Tí ẹ bá ra fáàfù nìkan, kò ní rí ohun tí yóò fà. Ẹ máa ní láti ra àgbá èédú, ọ̀pá róbà rẹ̀, súwíìṣì ọ́ìlì àti wáyà rẹ̀, ibikíbi tí ọ̀kan nínú àwọn róbà yìí bá sì ti là, kàbúrétọ̀ yín tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tò á tún dàrú.

Owó yẹn pọ̀ ju owó tẹ́mósítáàtì àti fífọ rẹ́díétọ̀ lọ dáadáa. Ẹ ṣe àwọn yẹn, kí ẹ sì fi jíà kẹrin pa á ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú. Tí ó bá ṣì ń kàn lẹ́yìn ìyẹn tí sìló kò sì kúrò ní 800, ìgbà náà ni èmi pàápàá á bá yín mú sípánà láti tú tọ́ọ̀pù.